Ìwé-ẹ̀rí àbí Iṣẹ́ Ọwọ́? A Dá Lẹ́tà Méjì Lóhùn

Lẹ́tà kìíní

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ogún ọdún ni mí. Mò ń kọ́ṣẹ́ wáyà iná àti sólà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn wa, ó ku oṣù mẹ́jọ kí n gba fírídọ̀mù. Políì kan ní Rẹ́mọ ti wá gbà mí fún ND Electrical. Bàbá mi ní kí n máa lọ kíá. Ọ̀gá mi ní àwọn tó ní dìgírì ló ń wá bẹ òun níṣẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn

Àbúrò, parí ìkọ́ṣẹ́ rẹ ná. Èsì JAMB ọdún kan ṣoṣo ló wúlò fún, o máa tún un kọ, owó àti wàhálà sì wà níbẹ̀. Àmọ́ WAEC rẹ kò ní bàjẹ́. Ọmọṣẹ́ tó bá fi oṣù mẹ́jọ sílẹ̀ láìparí, ó ṣòro kó tó padà wá jókòó tì í mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn oṣù ìparí yìí gan-an ni ọ̀gá máa ń fa iṣẹ́ léni lọ́wọ́ láìdúró tini.

Ọ̀gá rẹ kò parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì pé. Wo ìnfátà 2.5 kVA tó ń lo bátìrì 24 volt. Tó bá ń gbé lóòdù 2,000 watt, pín 2,000 sí ọ̀nà 24: bíi 83 amp ni yóò máa gba wáyà bátìrì kọjá. Fi ohun tí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń fi ṣòfò kún un, ó lè sún mọ́ 95. Ẹni tó ka Electrical ní yunifásítì á ti ṣírò ìyẹn kó o tó yọ sípánà lápò. Á ní kí ẹ lo wáyà 35 mm² àti fíúsì 125 amp, òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n tó bá wá di orí bátìrì, á fi pílàyà lásán tẹ lug (orí irin tó ń so wáyà mọ́ bátìrì) mọ́ wáyà, á fọwọ́ yí nọ́ọ̀tì, á kúrò níbẹ̀. Ojú ibi tí kò fún dáadáa yẹn, tí ìdènà tí iná ń bá pàdé níbẹ̀ bá jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ohm, tí 83 amp ń gba ibẹ̀ kọjá, ooru tí yóò máa yọ lójú kan ṣoṣo jẹ́ bíi 69 watt. Ìwọ mọ bí bọ́ọ̀bù 60 watt àtijọ́ ṣe ń jó ọwọ́. Kò ní pẹ́ tí rọ́bà wáyà yóò fi dúdú. Ìwọ tó o ti fi irinṣẹ́ rẹ̀ tẹ lug, tó o fà á wò bóyá á yọ, tó o fi sípánà dì í, tó o sì tún padà wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan rọ́bà rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan tí lóòdù ti wà lórí rẹ̀, o mọ ohun tí onítọ̀hún kò mọ̀.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó fún ọ̀gá rèé. Ká ní wáyà 16 mm² ló ti ń lò fún ìnfátà 48 volt láti ọdún mẹ́wàá, tí kò sí wàhálà kankan. Fún 2,000 watt, bíi 42 amp ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ra ti 24 volt fún lóòdù kan náà, tí ọ̀gá sì ní “wáyà tí a máa ń lò nìyí,” amp di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà di ìlọ́po mẹ́rin. Ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà, wáyà rẹ̀ kò yí padà, òrùlé oníbàárà ló wà nínú ewu. Ìrírí kò lè kìlọ̀ fún un, torí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ rí. Ìṣirò ló lè kìlọ̀.

Ìwé fírídọ̀mù tí ẹ fi ń ya fọ́tò lẹ́yìn ìrẹsì àti mínírà yẹn, a kì í fi wáṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá. Nínú oṣù mẹ́jọ yìí, forúkọ sílẹ̀ fún Trade Test tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ń ṣe. Ìpele mẹ́ta ló ní. III ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, I ló ga jù. Ra ìwé àkọsílẹ̀ kan pẹ̀lú. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣe, kọ lóòdù rẹ̀, wáyà àti fíúsì tí ẹ lò, àti ohun tó bàjẹ́ lẹ́yìn náà. Èyí tó bàjẹ́ gan-an ni kó o má fò.

Tó o bá wá dé políì, fúltáìmù ni kó o gbà, torí wọn kì í mú àwọn pátáìmù lọ sí NYSC. Ọdún méjì fún ND, ọdún kan ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́, ọdún méjì fún HND: o kò ní tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí NYSC ń wò. Oṣù mẹ́rin SIWES (iṣẹ́ ìdánrawò tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe níléeṣẹ́), má lọ ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ, ohun tó wà níbẹ̀ o ti mọ̀ ọ́n. Wá iléeṣẹ́ lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ògijò tó ń lo iná onífésì mẹ́ta àti mọ́tò ńláńlá. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnjiníà gan-an lo fẹ́ kí COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, kọ sí orúkọ rẹ, HND kò gbé e débẹ̀ tààrà. Wọ́n ní ìpele ọ̀tọ̀ fún oníHND, oníND àti oníṣẹ́ ọwọ́. Fi ND tó dára gba Direct Entry lọ sí ọdún kejì ní yunifásítì.

Lẹ́tà kejì

Ọmọ mi obìnrin ka Food Science. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ti tó fún ẹ̀gẹ́ láti kan. Ìyá mi ní gààrí Ìjẹ̀bú tí kò bá lo ọjọ́ márùn-ún kì í ṣe gààrí. Ìjà ti fẹ́ dé. (Ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ìdáhùn

Ẹ má jà, Màmá. Ohun tí kálukú wọn ń sọ yàtọ̀ síra. Májèlé inú ẹ̀gẹ́, rírin ló ń tú u sílẹ̀, fífún omi àti yíyan sì ń lé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tó ń lò nínú àpò ló ń fún un ní kíkan tí àwọn oníbàárà yín torí ẹ̀ ń wá, nítorí náà, ẹni tó ń ra ọjà ni kó sọ iye ọjọ́. Lórí agbada, ẹ gbọ́ ti ìyá yín: tó bá tutù jù, á dì bí òkúta, tó bá gbẹ jù kó tó dórí iná, á kúnná bí ìyẹ̀fun, kò sì ní wú nínú omi.

Iṣẹ́ tọmọ yín ni òṣùwọ̀n. Kó máa wọn ẹ̀gẹ́ tó wọlé àti gààrí tó jáde. Nínú 100 kg, nǹkan bíi 20 sí 25 kg ló yẹ kó jáde. Tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wo ibi bíbó àti ibi ajọ̀. Kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di gààrí sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná, torí òógùn rẹ̀ ló ń mú kó bu. Ọ̀rọ̀ NAFDAC náà, tí ẹ bá fẹ́ kó gààrí yín lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì, òun ni kó lọ bá wọn.