Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Yìnyín Orí Òkè Nígbà Tí Ooru Bá Dé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ọmọ mi tó ń kàwé ní Innsbruck, lórílẹ̀-èdè Austria, ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun fẹ́ gun òkè Alps lóṣù kẹrin. Mo ní kó ṣọ́ra fún yìnyín tó máa ń ya lu ènìyàn, ó ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ooru ti dé.” Ṣé kí n fọkàn balẹ̀ lóòótọ́? (Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ooru tó fi ń tù yín nínú yìí gan-an ló yẹ kó máa ṣọ́. Bí oòrùn bá ń yọ́ yìnyín, omi á máa jò wọ inú rẹ̀, àwọn hóró rẹ̀ tó di ara wọn mú á tú, yìnyín náà á rọ̀, á sì wúwo, títí yóò fi ya wálẹ̀, pàápàá níbi tí òkè bá ti dà gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n dígíríì 30 sí 45.

Ohun tí ó yẹ kó kọ́kọ́ wádìí ni bí òru ṣe rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ní Iléṣà pé nígbà ọyẹ́, òru tí kò sí ìkùukùu ló máa ń tutù jù, nítorí pé kò sí ohun tó dá ooru ilẹ̀ dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́hùn-ún: bí ojú ọ̀run bá mọ́ lóru, yìnyín tó rọ̀ lọ́sàn-án á tún dì gbagidi, á sì ṣeé rìn láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bò ó mọ́jú, tàbí tí òjò rọ̀ sórí yìnyín, ewu lè ti wà kí ilẹ̀ tó mọ́. Lójú tèmi, kí wọ́n jókòó sílé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Bó bá sì dì, kí wọ́n tètè jáde, kí wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni oòrùn kọ́kọ́ ń pa, lẹ́yìn náà ni ti gúúsù, kí ó tó kan ti ìwọ̀-oòrùn. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń rì dé agbede ojúgun, tí ìṣù yìnyín kéékèèké sì ń yí bọ̀ láti ìdí àpáta, kí wọ́n padà lójú ẹsẹ̀.

Ìkìlọ̀ ojoojúmọ́ tún wà ní agbègbè náà, tí wọ́n pín ewu sí ìpele 5. Ìpele 3 máa ń tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ, wọ́n á ní àárín ló wà. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti ń bọ́.

Ẹ bi í bóyá olúkúlùkù wọn ní ẹ̀rọ tí ń fi àmì ránṣẹ́ lábẹ́ yìnyín, ọ̀pá ìwákiri àti ṣọ́bìrì, bóyá wọ́n sì ti fi wọ́n dánra wò, nítorí pé ẹni tí yìnyín bá bò mọ́lẹ̀ kì í sábà pẹ́ ju ìṣẹ́jú 15 lọ kí ìrètí tó dínkù, àwọn tí wọ́n jọ lọ ni yóò sì wú u jáde.