Ìbéèrè: Fọ́ọ̀mù Wo Ni Mo Lè Fi Máàkì Àwọn Àǹtí KG Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ṣágámù, ọdún kẹsàn-án rèé. Ní táàmù yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kíláàsì láti wo bí àwọn àǹtí ṣe ń kọ́ ọmọ. Ti KG 1 wù mí gan-an. Tó bá ti ní kí wọ́n kà á, gbogbo ọmọ á jùmọ̀ ké e, wọ́n á gbọ́ ọ dé títì, àwọn òbí sì ń yìn ín. Ti KG 2 kò yé mi. Ọmọ mélòó kan wà lórí ẹní, àwọn kan ń bomi sínú ike, àǹtí fúnra rẹ̀ lóṣòó sílẹ̀, ó ń bá ọmọ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Mi ò rí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá fọ́ọ̀mù tí mo lè fi máàkì wọn, kí Àǹtí KG 2 lè rí i pé òun kò ṣe dáadáa. Bí kò bá yí padà, mo fẹ́ wá ẹlòmíràn.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú làálàá. Irú ìbéèrè yìí ni mo ń rí gbà jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, láti Ìjẹ̀bú-Òde, láti Ìpẹ́rù, láti Àgọ́-Ìwòyè, gbogbo wọn ló sì ń béèrè fọ́ọ̀mù. Mi ò ní fún yín ní fọ́ọ̀mù.

Mo mọ àwọn tó ń tà á. Wọ́n á gbowó lọ́wọ́ onílé-ìwé, wọ́n á kó ìwé oníbéèrè ogójì lé e lọ́wọ́: ṣé aṣọ àǹtí mọ́, ṣé pátákó mọ́, ṣé kíláàsì wà létòletò, ṣé àwọn ọmọ dáhùn nígbà tí a bi wọ́n. Mo ka ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò síbi kankan tó ti béèrè ohun tí ọmọ ń ṣe. Inú bí mi, nítorí ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣòwò. Onílé-ìwé á mú ìwé náà wọ kíláàsì, á máàkì aṣọ àti pátákó, á sì rò pé òun ti mọ bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ sí.

Ẹ̀yin náà, ẹ ní ẹ wo kíláàsì, àǹtí lẹ wò. Ohun tí ẹ kọ sí mi nípa KG 1 kò ju pé ohùn wọn ròkè. Ohùn yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí òun ló ń tan onílé-ìwé, òun ló ń tan òbí, ó sì ń tan àǹtí pàápàá.

Mo jókòó ti kíláàsì KG kan rí níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú. Àpótí kékeré ni mo fi jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin kan tó ti lé ní ọdún mẹ́rin. Wọ́n ń ka nọ́ńbà lédè Òyìnbó, láti orí wọ́ọ̀nù dé tuwẹ́ńtì. Mi ò wo àǹtí rárá, ẹnu ọmọ yìí ni mo tẹjú mọ́. Láti orí wọ́ọ̀nù dé fọ́ọ̀, ó bá wọn kà á geere. Nígbà tí wọ́n dé fáífù, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn wọn wá, ìdí ọ̀rọ̀ nìkan ló ń bá wọn mú. Wọ́n dé ìlẹ́fùn, ó yíjú sí ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ètè ọmọ náà kó lè mọ ohun tó máa sọ. Nígbà tó fi máa di fìfútíìnì, ètè rẹ̀ kàn ń mì ni, aláǹgbá tó wà lójú fèrèsé ló ń wò. Àmọ́ ó mọ̀ pé tuwẹ́ńtì ni òpin. Ìyẹn ló fi gbogbo agbára ké, ohùn rẹ̀ borí ti gbogbo wọn. Àǹtí ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Ó pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n dé láti ibi tí wọ́n ti lọ ṣeré, mo kó ìdérí ìgò mínírà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Fún mi ní márùn-ún." Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi. Mẹ́sàn-án ni. Mo bi í pé ṣé márùn-ún nìyẹn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún un béèrè lédè Òyìnbó, kí n má baà dá èdè lẹ́bi, ẹ̀kúnwọ́ ló tún bù. Ọmọbìnrin tí ọmọkùnrin yìí ń wo ètè rẹ̀ yẹn ńkọ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń ṣíwájú gbogbo kíláàsì? Ó ka ìdérí méjì sí mi lọ́wọ́ dáadáa, ó sì da gbogbo ìyókù lé e.

Ìyá wa, àwọn ọmọ yìí kì í ṣe òpè. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà nìyẹn. Orin ni nọ́ńbà kọ́kọ́ jẹ́ lẹ́nu ọmọ. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orin ìjọ, kò sì tíì mọ̀ pé nọ́ńbà tó kà kẹ́yìn ló ń sọ iye ohun tó wà nílẹ̀. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pe ìmọ̀ yẹn ní cardinality. Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Karen Wynn, lo irú ìdánwò "fún mi ní mélòó" yìí fún àwọn ọmọ kéékèèké, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1990: ọmọ á ka nọ́ńbà jáde lẹ́nu dáadáa, àmọ́ tí wọ́n bá ní kó mú iye kan wá, ẹ̀kúnwọ́ ló máa bù. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í mọ ìyàtọ̀ yìí dájú títí wọ́n á fi lé ní ọdún mẹ́ta àbọ̀, àwọn mìíràn á pé mẹ́rin dáadáa. Àǹtí tó bá gbọ́ ariwo dé tuwẹ́ńtì tó wá bẹ̀rẹ̀ ìròpọ̀ lọ́jọ́ kejì ti fi àwọn ọmọ wọ̀nyí sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sì mọ̀.

Àwọn bàbá wa mọ ìyàtọ̀ yìí ṣáájú Wynn. "Ení bí ení, èjì bí èjì" wà fún eré òṣùpá, ó wà fún ahọ́n. Ọpọ́n ayò wà fún ọwọ́ àti ojú: ilé méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀, tí ọmọdé á sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín in kiri. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ẹni tó mọ "ení bí ení" kọ, òun la fi ń joyè ọ̀ta ayò?

Bákan náà ni ti "Ṣé ó yé yín?" "Yẹ́ẹ̀sì, Àǹtí!" Ohùn àǹtí ni ọmọ ń dá lóhùn, kò tíì gbọ́ ìbéèrè. Ẹ ní kí Àǹtí KG 1 fi ohùn yẹn gan-an bi wọ́n pé ṣé ewúrẹ́ máa ń fò. Mo ti dán an wò ní kíláàsì méjì, wọ́n ké "Yẹ́ẹ̀sì!" nínú méjèèjì. Mi ò sọ pé tiyín náà máa rí bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ ẹ dán an wò kí ẹ tó fi ariwo wọn yin ẹnikẹ́ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kíké pọ̀ ní àǹfààní tirẹ̀. Ó ń la ohùn ọmọ onítìjú, ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mọ́ ahọ́n lára, inú ọmọ sì máa ń dùn sí i. Kí wọ́n máa ké. Ohun tí mo ń sọ ni pé tí ẹ bá fẹ́ mọ ọmọ tó mọ nǹkan, ẹ kò lè mọ̀ ọ́n láti inú ariwo ogún ọmọ.

Ó kù sí KG 2. Mi ò sí níbẹ̀, nítorí náà mi ò ní fi gbogbo ẹnu gbe àǹtí yẹn. Ó lè jẹ́ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe. Àmọ́ ohun tí ẹ kọ fúnra yín, pé ó lóṣòó tó ń bá ọmọ kan sọ̀rọ̀, iṣẹ́ olùkọ́ ọmọdé gan-an nìyẹn. Kí ló bi ọmọ náà? Ẹ kò sọ fún mi, bóyá ẹ kò gbọ́. Nígbà tó béèrè tán, ṣé ó dúró? Onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ kan, Mary Budd Rowe, wo ọ̀pọ̀ kíláàsì ní Amẹ́ríkà láàárín 1960 sí 1980, ó sì rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó dá ara rẹ̀ lóhùn tàbí kó pe ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n dúró tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, èsì ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà sì sọ̀rọ̀. Àǹtí tó ń bomi sínú ike pẹ̀lú ọmọ, tó bi í pé ife mélòó ló máa kún un, tó sì pa ẹnu mọ́ dúró de èsì, ó ń kọ́ ìṣirò. Láti 1977 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè jáde ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé eré ni kí a fi máa kọ́ ọmọ tí kò tíì wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àǹtí KG 2 kọ́ ló ṣẹ̀ sí ìlànà náà.

Ṣùgbọ́n omi o! Omi díẹ̀ nínú ike lè pa ọmọdé. Tí àǹtí bá ń bá ọmọ kan sọ̀rọ̀ tí kò sí ẹlòmíràn tó ń wo ike omi, ẹ jẹ́ kí wọ́n dà á nù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èyí kò ní àríyànjiyàn.

Bí ẹ ṣe máa wò ó rèé. Ẹ sọ fún àǹtí ṣáájú, kó má rò pé ẹ wá ṣọ́ òun. Ẹ mú àpótí kékeré, kí ojú yín bá ojú ọmọ dọ́gba, ẹgbẹ́ ni kí ẹ jókòó sí. Lọ́jọ́ kìíní ẹ má kọ nǹkan kan, torí gbogbo wọn ló máa wá wo gèlè yín. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú ọmọ kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kọ ohun tó ṣe àti ohun tó sọ, pẹ̀lú aago. Ẹ má kọ "aláìgbọràn", ẹ má kọ "ọlọ́pọlọ pípé". Irú èyí ni kí ẹ kọ: "9:10, ó fi ife kékeré bu omi sínú ike. Ó ka kan, méjì, mẹ́ta. Ó dúró, ó yọjú wo inú ike, ó ní, 'Kò tíì kún.' 9:13, ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá a jà, ó mú ìdérí ìgò, ó ń fi bu omi lọ." Ẹ wo iye nǹkan tó wà nínú ìlà mẹ́ta yẹn: ìṣirò, èdè, sùúrù, ọgbọ́n orí. Fọ́ọ̀mù oníbéèrè ogójì kò lè bá yín rí ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ mú ọmọ mẹ́ta ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan: ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹnì kan tó dákẹ́, àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò wá sí yín lẹ́nu kíákíá. Ti ẹni kẹta yẹn ṣe pàtàkì jù. Kí ẹ lọ láàárọ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹ lọ lẹ́yìn oúnjẹ lọ́jọ́ mìíràn, ọmọ tí oorun ń kùn yàtọ̀.

Èdè tí ọmọ fi sọ ọ́ ni kí ẹ fi kọ ọ́, ìbáà jẹ́ Rẹ́mọ pọ́nńbélé. Lọ́jọ́ kan ní ìlú yín níbẹ̀, àǹtí gbé àwòrán obì sókè, ó bi ọmọbìnrin kan lédè Òyìnbó pé kí ni èyí. Ọmọ náà wo ilẹ̀. Àǹtí pe ẹlòmíràn. Ní kété tí àǹtí yíjú, ọmọ yẹn sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ìyá àgbà mi ń tà á ní Ṣábó. Aláwẹ́ mẹ́rin dáa ju aláwẹ́ méjì lọ." Nínú fọ́ọ̀mù, "kò dáhùn" ni wọ́n á kọ fún ọmọ tó mọ obì ju àǹtí rẹ̀ lọ.

Nǹkan kan tún wà. Bí ẹ bá rí ọmọ tó ń pẹ́ dáhùn ní gbogbo ìgbà, tó jẹ́ pé ẹnu èèyàn ló ń wò kó tó sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ etí. Mi ò ní kí ẹ pe ọmọ ọlọ́mọ ní adití. Ẹ pe òbí rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, kí wọ́n mú un lọ rí dókítà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ṣágámù ní OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, nítòsí. Kí ẹnikẹ́ni má sì bu òróró tàbí àgbo sí i létí.

Ẹ ka iye ọmọ tó wà ní KG 1 náà. Ìlànà ìjọba ní kí ọmọ má ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ fún olùkọ́ kan. Bí wọ́n bá lé ní ogójì lọ́wọ́ ẹyọ àǹtí kan, kíké yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ ká, ẹ̀yin lẹ sì máa gba olùrànlọ́wọ́ fún un.

Ẹ má tíì lé Àǹtí KG 2. Ní ti àwọn òbí tó fẹ́ràn ariwo, lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá sí ilé ìwé, ẹ gbé ike ìdérí ìgò síwájú wọn, kí kálukú ní kí ọmọ òun fún òun ní mẹ́fà. Ti KG 1 àti ti KG 2. Ẹ dákẹ́, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Lẹ́yìn náà ẹ kó àkọsílẹ̀ ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá fún mi. Bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni pé kò sí ẹ̀kọ́ ní KG 2, ó máa hàn nínú rẹ̀, èmi náà á sì sọ fún yín bẹ́ẹ̀.