Laser 5 mW tó láti mú cantilever mì, àmọ́ laser kọ́ ni wàhálà ẹ

Àbúrò, o ní project àṣejáde ẹ ní Akoka dá lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ti nǹkan. O wá bèèrè bóyá laser pupa 5 mW lè mú cantilever silicon (ọ̀pá pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n dì mú ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo) mì, àbí kó o ra 100 mW tí wọ́n ní kó o rà. Má ra 100 mW. Ó máa ń bí mi nínú tí àwọn tá à ń pè ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ náwó sórí laser ńlá, tí wọn ò sì tíì bi í léèrè ibi tó fẹ́ gbé tábìlì ẹ̀ sí. Tábìlì ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ l'Ékòó.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń yí ní ìgbà 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan máa ń gbọn ilẹ̀ ní 50 Hz, tó bá sì jẹ́ four-stroke, bí epo ṣe ń jó nínú ẹ̀ ń fi 25 Hz kún un. Ti gbogbo àdúgbò ló máa dé ọ̀dọ̀ ẹ, kì í ṣe tìẹ nìkan. Má gbé tábìlì ẹ sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilẹ̀ òkè máa ń tẹ̀ tí èèyàn bá ń kọjá. Igun yàrá ìsàlẹ̀ ni kó o wá. Lọ bá àwọn tó ń gé granite kíṣíìnì, kó o ra àjákù tó fẹ̀ ní 60 cm lọ́tùn-ún lósì, tó nípọn ní 3 cm. Ó máa wúwo tó kílò 29. Gbé e lé túùbù táyà ọ̀kadà. Ibí ni wọ́n ti máa ń bà á jẹ́: wọ́n á fẹ́ túùbù náà títí á fi le gbandi, túùbù tó bá sì le, ńṣe ló ń gbé gbígbọ̀n ilẹ̀ wọlé. Fi ìka kan ti granite náà wò. Tí kò bá máa fì lẹ́ẹ̀méjì sí mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, jò ó sí i. Lẹ́yìn ẹ̀, pa fáànù àti AC, kó o sì fi páálí tó o tẹ́ fóòmù sínú bo gbogbo ẹ̀.

Tó o bá tún rí ìlà 50 Hz lójú ẹ̀rọ, fi nǹkan dúdú bo photodiode (ohun kékeré tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná). Tí ìlà náà bá ṣì wà, wáyà ló ń kó o. Tó bá lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀. 100 Hz sábà máa ń jẹ́ iná àjà.

Ìgbóná wá burú ju jẹnẹrétọ̀ lọ tó bá jẹ́ interferometer (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn mímì kékeré) onídígí bíi ti Michelson lo fẹ́ tò. Àlúmínì tó gùn ní 10 cm máa ń fi 2.3 µm gùn sí i tí yàrá bá fi dígírì kan gbóná sí i. Ìmọ́lẹ̀ 633 nm ń gbé ìlà ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn (fringe) kan kọjá ní gbogbo 316 nm, torí náà dígírì kan péré ti gbé ìlà méje kọjá lójú ẹ. Wọ́n á mú iná lọ, yàrá á gbóná, gbogbo ohun tó o tò láàárọ̀ á ti ṣí kúrò. Má bá a jà. Fíbà (okùn dígí tó ń gbé ìmọ́lẹ̀) ni kó o fi wọn mímì náà, bí àwọn olùṣèwádìí Rugar, Mamin àti Guethner ṣe ṣe é ní 1989.

Fún wíwọ̀n yìí, laser 1550 nm (infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí) àti coupler 50/50 (tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì) ti tó; laser pupa ni ti títì. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fa fíbà íntánẹ́ẹ̀tì ní cleaver (ohun tí wọ́n fi ń gé fíbà), á bá ẹ gé orí ẹ̀ gún régé. Gbé orí tó gé náà sí 50 sí 100 µm níwájú cantilever. Dígí orí fíbà máa ń dá nǹkan bíi 3.5% ìmọ́lẹ̀ padà, cantilever náà á dá tiẹ̀ padà, àlàfo kékeré yẹn nìkan ló sì kù tí ìgbóná lè ṣí. Má so orí wáyà fíbà (connector) aláwọ̀ ewé mọ́ aláwọ̀ búlúù, wọ́n gé ti aláwọ̀ ewé dagun ní dígírì 8, wàá ba ojú dígí méjèèjì jẹ́. InGaAs ni kí photodiode ẹ jẹ́, torí BPW34, tó jẹ́ ti silicon, kì í rí 1550 nm rárá.

Kámẹ́rà fóònù náà kì í rí i. Àwọn kan máa ń fi fóònù yẹ fíbà wò, tí wọn ò bá rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á ní ó ti kú, wọ́n á sì yọjú sí i. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ojú ò ṣe é rà. Laser aláwọ̀ ewé olówó pọ́ọ́kú náà máa ń jo infrared jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé tó ò ń rí.

Ìbéèrè ẹ gan-an: 5 mW tó bá ta padà pátápátá máa fi 33 piconewton ti nǹkan. Cantilever tó le ní 0.2 N/m, tó ń mì fúnra ẹ̀ ní nǹkan bíi 13 kHz máa fi 0.17 nm péré tẹ̀. Àmọ́ tó o bá ń mú agbára laser náà lọ sókè sódò ní 13 kHz yẹn, tí Q ẹ̀ (bí mímì ṣe ń pẹ́ tó kó tó kú) nínú afẹ́fẹ́ sì tó 50, mímì náà á tó 4 nm. Ooru yàrá nìkan ti ń mú un mì ní 0.14 nm, ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ wá. Tó ò bá tíì rí òkè kékeré yẹn ní 13 kHz, má tan laser pupa rárá. Ihò máìkì laptop tó ń gba 48 kHz lè fi í hàn ẹ́, fi capacitor 1 µF sáàárín òun àti photodiode. Ra laser pupa tó ní wáyà TTL (tí wọ́n fi ń tàn án tí wọ́n sì fi ń pa á kíá), torí àwọn olówó pọ́ọ́kú ní capacitor tó ń pa ìyípadà kíá.

Tó o bá rí 4 nm, má tíì yọ̀. Ooru laser náà máa ń tẹ cantilever tí wọ́n fi gold bò, ó sì lè pọ̀ ju títì lọ. Gbé ìmọ́lẹ̀ láti orí lọ sí ìdí cantilever: tí mímì bá ń pọ̀ sí i ní ìdí, ooru ni. Kó o tún fi ìmọ́lẹ̀ náà lù ú láti ẹ̀yìn: títì máa yí phase (ibi tí mímì dé nínú yíyí ẹ̀, tá a bá fi wé ìmọ́lẹ̀) padà ní dígírì 180, ooru kì í sábà yí i.

Má sì kọ "quantum ground state" (ipò tí mímì ti kéré dé ibi tí kò lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ) sórí project ẹ. Ní 300 K, cantilever 13 kHz ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 480 phonon (ẹyọ agbára mímì) nínú. Àwọn ará Caltech, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tó fi ìmọ́lẹ̀ gbé iye phonon wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹyọ kan ní 2011 lo nǹkan tó ń mì ní GHz, nínú òtútù líle.

Cantilever tí wọn ò fi gold bò ni kó o rà. Títì á dín kù, torí silicon ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, àmọ́ ooru ò ní lè tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n sábà ń tà á nínú páálí. Fi ẹ̀mú kékeré mú un ní ẹ̀gbẹ́ chip, má jẹ́ kó kan orí fíbà nígbà tó o bá ń sún un mọ́ra: kíkàn kan péré, ó ti kán.