Mo ra GPSDO tòkunbọ̀, wọ́nranwọ̀nran nìkan ni mò ń rí lórí láptọ́ọ̀pù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà, rédíò ni mò ń tún ṣe. Mo ra Trimble Thunderbolt tòkunbọ̀ kan tí wọ́n tú lára máàsì, GPSDO ni, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi sígínáà sátẹ́láìtì GPS mú kí 10 MHz rẹ̀ péye, mo fẹ́ máa fi 10 MHz yẹn yẹ frequency counter mi (ẹ̀rọ tó ń ka frequency) wò. Mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo fi PuTTY, ètò tó ń fi ohun tí ẹ̀rọ bá sọ hàn bíi lẹ́tà, ṣí i, wọ́nranwọ̀nran ló ń tú jáde. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, má jù ú nù o! Wọ́nranwọ̀nran yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ṣì ń mí. TSIP, èdè Trimble fún ẹ̀rọ GPS, ló ń sọ, kì í ṣe lẹ́tà téèyàn lè kà, ṣe ló ń dà á síta fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ká ní HP Z3801A, GPSDO mìíràn, lo rà ni, ìyẹn ń fi ọ̀rọ̀ téèyàn lè kà dáhùn, àmọ́ ètò ìsopọ̀ (serial setting) tiẹ̀ ni 19200, 7 bit, odd parity. Tìẹ, 9600, 8 bit, kò sí parity, 1 stop. Pa PuTTY, lọ dáńlóòdù Lady Heather, ètò kọ̀ǹpútà fún GPSDO, ọ̀fẹ́ ni, ó gbọ́ TSIP dáadáa. Kí wáyà USB tó o lò jẹ́ RS-232 gidi o, èyí tí wọ́n ń lò fún Arduino, TTL nìyẹn, iná rẹ̀ kéré, iná RS-232 lè jó o.

Tí Lady Heather bá ṣí tí kò sí sátẹ́láìtì kankan, wo áńténà rẹ. Abẹ́ páànù ò lè ṣiṣẹ́ láéláé, gbé e síta níbi tó ti ń rí ojú ọ̀run yíká, pàápàá tí òkè bá dí ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí òkè ṣe pọ̀ tó ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà jẹ́ kó ṣe survey, ìgbà 2000 ló máa wọn ibi tó wà, ó lé ní ààbọ̀ wákàtí, má fọwọ́ kàn án títí tó fi máa parí.

Ọjọ́ (déètì) tó máa gbé wá máa jẹ́ ti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, má jẹ́ kó já ẹ láyà, ọ̀sẹ̀ 1024 ló ti fi ṣìnà láti oṣù keje 2017, 10 MHz ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, Lady Heather sì lè tún un ṣe.

Iná ni wàhálà tiwa. Òsílétọ̀ inú ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń pèsè 10 MHz gan-an, wà nínú ààrò kékeré tó gbọ́dọ̀ gbóná dúró sójú kan, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ló tún ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí náà fi sórí ínfátà, èmi ò kì í gbọ́kàn lé tèmi àfi tó bá ti lo odindi ọjọ́ kan. Máa wo DAC voltage (iná tó fi ń darí òsílétọ̀) àti PPS offset (ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá tiẹ̀ sí ti GPS), tí DAC bá ń rọra rìn ní ìwọ̀nba, kò burú, tó bá ń fò sókè sódò, wo áńténà àti ooru yàrá. Àmọ́ tó bá jẹ́ lálẹ́ ni sátẹ́láìtì ń já, lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, pàápàá nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, ojú ọ̀run tiwa níbí ló ń da sígínáà rú torí a sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, fi sílẹ̀ di àárọ̀ kó o tó tú áńténà.