Fún Màmá Dámọ́lá, lórí dísìkì ọkọ wọn: ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi gìgísẹ̀ rìn

Màmá Dámọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú, Ọlọ́run á gbé wọn dìde. Mo ka ohun tí ẹ kọ láti Ifẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní bàbá Dámọ́lá, ẹni ọdún 47 tó ń wa kórópe láàárín Sábó àti Modákẹ́kẹ́, ti ń jẹ ìrora ìbàdí àti ẹsẹ̀ òsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ báyìí. MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) ní dísìkì L4-L5, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún, ti gbẹ, ó sì ti yọ síta. Dókítà kan ní kí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, èkejì ní kí wọ́n máa ṣe físíò, ìyẹn ìtọ́jú eré ìdárayá. Ẹ wá ń béèrè èwo ni kí ẹ gbà, àti pé tí wọ́n bá la ẹ̀yìn wọn, ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n máa fi padà sídìí ọkọ̀.

Iléṣà ni mo wà, pákó ni mò ń tà. Ilé òṣómàáló ni wọ́n ti bí mi. Bàbá bàbá mi lòṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn tó jẹ ẹ́ lówó aṣọ títí kan òkè Èkìtì. Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ ni dísìkì wá sọ ìlòṣòó di èèwọ̀ fún. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà ti ń fi rẹ́rìn-ín báyìí.

Ọdún 2017 ni. Pákó ìrókò kan ń yọ̀ bọ̀ láti ẹ̀yìn lọ́rì, mo yí ìbàdí láti gbá a mú. Mo gbọ́ ọ tó ró kọ́ṣọ́ nínú ara mi. N kò ṣubú, mo tiẹ̀ ta pákó náà lọ́jọ́ yẹn. Ilẹ̀ mọ́, n kò lè wọ ṣòkòtò. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ata gún ìdí mi, ó gba ẹ̀gbẹ́ itan sọ̀kalẹ̀, ó gba ojúgun lọ sórí àtẹ́lẹsẹ̀. Tí mo bá sín, ojú mi á ṣókùnkùn.

Gbogbo ará ilé ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Oṣù kan gbáko ni mo fi mu àgbo jẹ̀dí, ìgbẹ́ lásán ló ń yà mí. Wọ́n tún ní làkúrègbé ni, mo fi àdí para títí ọmọ mi ò fi fẹ́ sùn sí yàrá mi mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. N kò ní bú wọn, mo ti rí apá tó kán tí wọ́n tò tó jinná. Ṣùgbọ́n dísìkì kì í ṣe eegun, kò sì kán. Bàbá ní kí n dojú bolẹ̀, ó wá gun ẹ̀yìn mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé póò wá bá mi lórí ẹní.

Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà mí kò bà mí. Sílípáàsì òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ọ̀nà. N ó máa rìn lọ, n ó kàn rí i pé ilẹ̀ gbígbóná ni mò ń tẹ̀, sílípáàsì ti wà lẹ́yìn. Mo ní ó ti gbó. Mo ra tuntun ní ọjà Atákúnmọ́sà, ìyẹn náà yọ. Mo padà lọ bá ìyá tó tà á fún mi jà pé ayédèrú ló tà fún mi. Mo tún ra òmíràn. Sílípáàsì méjì ni mo rà kí n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló ń kú lọ, bàtà kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ ọsibítù sílẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni mo débẹ̀, aago kan ọ̀sán ni mo tó wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Kò fọwọ́ kàn mí, kò ní kí n bọ́ bàtà, ìwé ló ń kọ. Ó rán mi lọ ya MRI ní Ìbàdàn. Ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò ni mo dùbúlẹ̀ sí lálọ lábọ̀, gbogbo kòtò ọ̀nà yẹn ni mo mọ̀ lórúkọ. Nígbà tí mo gbé fíìmù dé, ó gbé e sókè sójú fèrèsé bí ẹni tó ń wo owó bóyá kì í ṣe ayédèrú, ó ní, "Dísìkì yín ti bàjẹ́, a máa gé e." Ó tán. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọn ò rí fíìmù mọ́. Ọkùnrin tó ń tọ́jú fáìlì ní kí n lọ ya òmíràn, bí ẹni pé ẹ̀pà ni wọ́n ń fi yà á. Ìyàwó mi ló rí i. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé ọ́fíìsì kí oòrùn má baà ta ọkùnrin náà lójú! Ẹ̀yìn mi ló ń ṣe kọ́tìnì fún wọn.

Ibòmíràn ni mo ti pàdé dókítà kan, ọmọdé gan-an ni. Kò tíì béèrè fíìmù. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n fi gìgísẹ̀ méjèèjì rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ti ọ̀tún dúró. Ti òsì ń gbálẹ̀ pá, pá, pá, kò gbé orí sókè. Ó ní, "Bàbá, láti ìgbà wo?" Mo rántí sílípáàsì. Omi bọ́ lójú mi.

Wọ́n la ẹ̀yìn mi. Kódà kí n tó dé ibẹ̀ wọ́n yan iṣẹ́ lódì, n kò fẹ́ sọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìwé ìfiránṣẹ́, inṣọ́ránsì, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ní kí ẹ mú wá, ẹ ti mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń lọ. Ìrora ẹsẹ̀ yẹn lọ lọ́jọ́ tí mo jí. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì mi kò tíì gbọ́ràn dòní.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo lórí gìgísẹ̀. Ìrora ṣeé dúró dè, ó lè rọ̀ kó tó kan ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Àìlágbára ẹsẹ̀ kò ṣeé dúró dè. Bí bàbá Dámọ́lá bá sì sọ pé ìtọ̀ kò fẹ́ jáde, tàbí ó ń jáde láìmọ̀, tàbí abẹ́ wọn níbi tí èèyàn fi ń jókòó ti kú tipiri, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Òru yẹn gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ, kí ẹ sọ ọ́ lẹ́nu géètì pé ìtọ̀ ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ físíò ní OAU ló jókòó tì mí tó ń ka ìwádìí fún mi nígbà tí mo wà lórí ibùsùn. Ó ní dísìkì dà bí ẹyin tí a kò sè jinná, ìta le, inú ṣì rọ̀. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ lára àgbàlagbà, ìrìn àti ìyírapadà ló ń gbé oúnjẹ wọ inú rẹ̀. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ ló ń gbẹ. Ó ka ìwádìí 1994 kan fún mi, nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine: èèyàn 98 tí ẹ̀yìn kò dùn rárá, wọ́n ya MRI wọn, 52 nínú 100 ni dísìkì wọn ti wú síta níbì kan ó kéré tán. Èyí tó jáde ní 2015 kó èèyàn 3,110 tí nǹkan kan kò ṣe ẹ̀yìn wọn jọ. Ní ẹni 20 ọdún, 37 nínú 100 ló ti ní dísìkì gbígbẹ, ní ẹni 80, 96 ni. Mo ní, "Àṣé gbogbo ìlú ló ní i!" Nítorí náà, tí ìwé MRI bá ní dísìkì ti gbẹ, ẹ má sunkún lórí ìyẹn nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ la ọkọ yín gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ àti òòlù kékeré tí dókítà fi ń gbá orúnkún yẹ ẹsẹ̀ wọn wò, kó rí i pé ibi tí fíìmù tọ́ka sí bá ibi tó ń ro wọ́n mu.

Èyí tó kàn yín jù ni ti Netherlands, 2007. Èèyàn 283, ẹsẹ̀ ti ń ro wọ́n gan-an fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, bí ti ọkọ yín gẹ́lẹ́. Wọ́n tètè la àwọn kan, wọ́n ní kí àwọn yòókù ní sùúrù. Àwọn tí wọ́n tètè là tètè gbádùn, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nígbà tí àwọn tó ń ṣe sùúrù gbà tó ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kan fi pé, 95 nínú 100 ló ti gbádùn ní apá méjèèjì. Nínú àwọn tó ń ṣe sùúrù, 39 nínú 100 ló padà gba ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ ń ra àkókò fún ẹsẹ̀ ríro, ìyẹn ni mo rí níbẹ̀. Awakọ̀ tó ń jẹun lórí stíà lè fẹ́ ra àkókò yẹn, n kò ní dá a lẹ́bi.

Ẹ̀yìn ríro nìkan, láìsí ti ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fi irin àti sùkúrù de eegun ẹ̀yìn pọ̀ nítorí dísìkì tó gbẹ, ẹ ní kó dúró ná. Ní 2005, ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èèyàn 349 wéra, iṣẹ́ abẹ yẹn lápá kan, eré ìdárayá gidi lápá kejì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kéré.

Àwọn tó ń pín ìwé pé àwọn á gún yín ní "stem cell" (sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ara) kí dísìkì padà di ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pín in. Abẹ́ àyẹ̀wò ni iṣẹ́ yẹn ṣì wà lágbàáyé.

Ẹ sì má jẹ́ kí ọmọ kẹ́míìsì gún wọn ní abẹ́rẹ́ diclofenac (oògùn ìrora) ní ìdí. Iṣan ìmọ̀lára tó ń darí ẹsẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, bí abẹ́rẹ́ bá ṣì í gún, ẹsẹ̀ á kú lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò ní mọ̀ bóyá dísìkì ni tàbí abẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n bá ń lò lẹ́nu, kí wọ́n má fi Alabukun kún un, ikùn kò gbà á.

Ẹ mà béèrè nípa ọkọ̀ wíwà, mo ti gbàgbé. Èmi ò wa nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Oṣù mẹ́ta ni mo tó gbé nǹkan tó wúwo. Àmọ́ èmi kì í jókòó fún wákàtí mẹ́wàá bí awakọ̀. Dókítà tó bá là wọ́n ló máa sọ, kí ẹ sì rí i pé ẹsẹ̀ wọn lè tẹ bíréèkì lójijì kí wọ́n tó gbé èrò ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́ òní, ẹ ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n fi gìgísẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé kíṣìnì. Ẹ dúró tì wọ́n kí wọ́n má ṣubú. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí síbí, títí kan bóyá sílípáàsì wọn ń yọ.