Ṣé ọlọ́pàá lè ní kí lọ́yà jókòó síta nígbà tí wọ́n bá ń gba sitétímẹ́ǹtì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Agbẹjọ́rò. Àbúrò mi ọkùnrin ń tún fóònù ṣe ní Ìwó Road. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, àwọn ọlọ́pàá wá gbé e ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní fóònù kan tó rà lọ́wọ́ oníbàárà, fóònù olè ni. Mo pe lọ́yà tó bá wa ṣe ìwé ilẹ̀. Ó dé téṣàn, ṣùgbọ́n IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ní kó jókòó síta, pé lọ́yà kì í wọ ibi tí wọ́n ti ń gba sitétímẹ́ǹtì, pé kóòtù ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà. Wọ́n gbá àbúrò mi létí. IPO fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, àbúrò mi sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la tó rí bélì rẹ̀ gbà, wọ́n sì ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ lòfin wí? Kí la fẹ́ ṣe sí ìwé tó ti fọwọ́ sí? (Ìyá Ìbejì, Òkè-Àdó)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú wàhálà o. Ohun tí IPO yẹn sọ fún lọ́yà yín kò sí nínú òfin rárá. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 35, sọ pé ẹni tí ọlọ́pàá bá mú lè panu mọ́, kó má dáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó bá wù ú bá sọ̀rọ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ṣe ní 2015, èyí tí àwa lọ́yà ń pè ní ACJA, wá là á mọ́lẹ̀ ní abala 17 pé lọ́yà lè jókòó ti àfurasí níbi tó ti ń ṣe sitétímẹ́ǹtì. Tí kò bá ní lọ́yà, òṣìṣẹ́ Legal Aid Council lè jókòó tì í, tàbí ẹni tó wá láti ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́, tàbí Justice of the Peace, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá yàn. Ẹ̀yin gan-an lè jókòó níbẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 náà sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọlọ́pàá tó lè sọ pé òfin yẹn kò kan òun, ì báà jẹ́ Ìbàdàn ló wà, ì báà jẹ́ Sókótó. Kódà àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló yẹ kí wọ́n sọ fún àbúrò yín lọ́jọ́ tí wọ́n mú un pé ó lè dákẹ́, ó lè pe lọ́yà, àti pé tí kò bá lówó lọ́yà, Legal Aid Council wà tó lè gbèjà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé wọn ò sọ ọ́. Téṣàn tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ṣọ̀wọ́n.

Níbì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ IPO fẹ́ jọ òótọ́. Òfin ò fẹ́ kí lọ́yà máa já lu ọ̀rọ̀ nígbà tí àfurasí bá ń sọ tẹnu rẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ lọ́yà ló fẹ́ ṣe. Ìyẹn ni pé lọ́yà ò lè bá a dáhùn pé “Ibi báyìí ló wà lọ́jọ́ náà.” Ṣùgbọ́n ó lè sọ fún un pé, “Má dáhùn èyí.” Ó lè ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sókè. Ó lè sọ fún IPO pé ìbéèrè tó ń bi í kì í ṣe ìbéèrè, ìhàlẹ̀ ni. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé ọwọ́ sókè láti lu àfurasí, ojú lọ́yà ni yóò ṣe. Ọ̀pọ̀ IPO mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí bẹ́ǹṣì ìta fi máa ń wù wọ́n fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn hàn yín. Ká ní àbúrò yín sọ lédè Yorùbá pé: “Ọmọkùnrin kan gbé fóònù wá, ó ní òun nílò owó kíákíá, mo bá rà á. Mi ò mọ̀ pé ó jí i.” Nígbà tí IPO bá kọ ọ́ tán lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ẹ óò bá nínú ìwé lè jẹ́: “Mo ra fóònù tí ọmọkùnrin kan jí.” Létí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà, ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ gbígba ẹrù olè kò dúró lẹ́sẹ̀ àyàfi tí ẹni tó gbà á bá mọ̀ pé ẹrù olè ni. Gbólóhùn àkọ́kọ́ lè gbé e délé. Èkejì lè gbé e dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Agódi. Kò sì pọn dandan kí IPO ní ìkà nínú o. Ó ń yára, fáìlì pọ̀ lórí tábìlì rẹ̀, òun náà kò sì rí ìyàtọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà tí ìwé yẹn yẹ kó gbà wáyé ni pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà lédè Yorùbá tó fi sọ ọ́, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ògbufọ̀ sì fọwọ́ síbi tó sọ pé òun ló túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀wé kọ, òun ló yẹ kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀. Lókè fọ́ọ̀mù sitétímẹ́ǹtì, ìkìlọ̀ kan wà tí wọ́n ti tẹ̀ síbẹ̀: pé kì í ṣe dandan kó sọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n ohun tó bá sọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì lè mú un dé kóòtù. Lábẹ́ ìkìlọ̀ yẹn ni ààyè ìfọwọ́sí àkọ́kọ́ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ìsàlẹ̀ tó ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, torí wọ́n sáà ní “Sáìn síbí.” Ẹ bi àbúrò yín bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ fún lọ́yà yín.

Ó wá ku ìwé tó ti fọwọ́ sí. Kò tíì bàjẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ti ń yẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà tí àfurasí lè sọ ní kóòtù nípa sitétímẹ́ǹtì tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Tó bá ní, “Wọ́n lù mí ni mo fi fọwọ́ sí i,” adájọ́ á dá ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ dúró, á kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ kékeré lórí ìwé yẹn nìkan. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi hàn láìsí iyèméjì pé ẹnikẹ́ni ò fipá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ní, “Ohun tí mo sọ kọ́ ni wọ́n kọ,” kò ní sí ẹjọ́ kékeré kankan. Adájọ́ á gba ìwé náà wọlé, ìgbà ìdájọ́ ni yóò tó wò ó bóyá ó ṣeé gbà gbọ́. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ mọ́ra, tó ní wọ́n lu òun, tó tún ní òun ò sọ̀rọ̀ rárá, á ṣẹ́ lọ́yà rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé ìwé náà kalẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ta kò ó. Tí wọ́n bá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àtúnṣe rẹ̀ lẹ́yìn náà nira.

Àǹfààní kan tún wà. Àwọn adájọ́ ti ń jiyàn fún ọdún bíi mélòó kan bóyá dandan ni jíjókòó lọ́yà tàbí yíya fídíò nígbà ìjẹ́wọ́, àbí ọlọ́pàá kàn lè ṣe é tó bá wù wọ́n. Ní 2024, Supreme Court ní dandan ni, pé ìjẹ́wọ́ tí kò bá ní ìkankan nínú méjèèjì kò ṣeé lò. ACJA ni ẹjọ́ yẹn dá lé lórí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tirẹ̀, torí náà kí lọ́yà yín gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó sọ̀rọ̀ ní kóòtù Ìyágankú.

Ọ̀rọ̀ ìgbátí yẹn, ẹ má fi ṣeré, ẹ má sì dúró di ọ̀la. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tàbí UCH, kí dókítà yẹ etí náà wò, kó kọ ohun tó bá rí sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Òfin tó lòdì sí ìfìyàjẹni, ti 2017, fún ẹni tó bá wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá lẹ́tọ̀ọ́ sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ìwé dókítà kan ní kóòtù ju ẹkún ẹbí mẹ́wàá lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, láti Ọjọ́bọ̀ di Àbámẹ́ta ti pọ̀ jù. Òfin ní tí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e dé iwájú adájọ́. Láti téṣàn Ìwó Road sí Ìyágankú, ta ló fẹ́ sọ fún mi pé ó tó ogójì kìlómítà? Lọ́yà yín lè gbé ìyẹn lọ sí Hàì Kóòtù ní Ring Road, abala 35 kan náà sì sọ pé ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé láìbá òfin mu yẹ kó gba owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fóònù kọ́kọ́ rọlẹ̀ ná. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́ lọ́wọ́ kan, kó máa jẹ́jọ́ níwájú ọlọ́pàá kan náà lọ́wọ́ kejì, àfi tí ọ̀ràn bá burú.

Ní ti ọjọ́ Ajé, ẹ wá lọ́yà tí ẹjọ́ ọ̀daràn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má bínú sí ti ìwé ilẹ̀. Ẹni tó mọ ìwé ilẹ̀ ṣe lè má mọ ojú IPO. Tówó ò bá sí, ẹ lọ bá Legal Aid Council, wọ́n ní ọ́fíìsì n'Ìbàdàn. Kí lọ́yà náà kọ lẹ́tà sí DPO, ọ̀gá téṣàn, ṣáájú pé òun ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kó sì gba ẹ̀dà tí téṣàn fi sítáǹbù lu. Lẹ́tà yẹn ló máa ń yí ohùn káúńtà padà. Tí wọ́n bá tún lé e síta, àbúrò yín kò gbọ́dọ̀ pariwo, kò gbọ́dọ̀ sá. Kó kàn sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí lọ́yà mi wà níbí kí n tó sọ̀rọ̀,” kó sì dákẹ́. Wọ́n lè bínú. Wọn ò lè kọ ohun tí kò sọ. Lọ́yà á wá rí DPO, tí kò bá sì gbọ́, Ẹlẹ́yẹlé ni ọ́fíìsì kọmíṣọ́nnà wà.

Tí wọ́n bá gbà á wọlé, kí àbúrò yín béèrè láti ṣe sitétímẹ́ǹtì mìíràn lédè Yorùbá, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ bí fóònù ṣe dé ọwọ́ rẹ̀: ẹni tó gbé e wá, iye tó san, bóyá wọ́n fún un ní rìsíìtì tàbí páálí rẹ̀, ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Kó kọ síbẹ̀ pẹ̀lú pé wọn ò ka ti àkọ́kọ́ fún òun lédè tí òun gbọ́, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì í, yálà ẹ̀yin ni tàbí lọ́yà, kó má fọwọ́ sí ìwé kankan tí kò kà délẹ̀, torí lọ́jọ́ ẹjọ́, ìfọwọ́sí yín ni wọ́n máa nà jáde pé ẹnikẹ́ni ò fipá mú un.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ dúró fún bélì rẹ̀, ẹ rí i dájú pé ó dé téṣàn lọ́jọ́ Ajé yẹn, bó ti wù kí ẹ̀rù máa bà á tó. Tó bá sá, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ ń bọ̀.