Kí o tó ra táyà tí kì í gba afẹ́fẹ́

Àbúrò mi, o ní táyà kẹ̀kẹ́ rẹ jò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, o sì ń béèrè bóyá kí o kúkú ra èyí tí kì í gba afẹ́fẹ́ rárá. Mo ti ra irú rẹ̀ rí, mo sì fi oṣù mẹ́jọ gùn ún láti Ìyìn lọ síbi iṣẹ́ mi ní Adó.

Òótọ́ ni pé kò jò. Fọ́ọ̀mù líle ni wọ́n fi ṣe é látòkèdélẹ̀, kò ní túùbù, bí ìṣó bá sì wọ̀ ọ́, ìṣó ló pàdánù. Ṣùgbọ́n odidi ọ̀sán kan ni èmi àti fọkanáísà fi bá a jà kí ó tó wọ ríìmù, nígbà tí mo sì gùn ún, ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnìkan ń fà mí sẹ́yìn ní gbogbo òkè (a kò kúkú déédéé pe ilẹ̀ wa ní Èkìtì). Kòtò tí afẹ́fẹ́ ìbá gbà mọ́ra, ọwọ́ àti ìdí mi ló ń gbà á, sípóòkù mẹ́rin sì ṣẹ́ ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Abájọ tí táyà oníafẹ́fẹ́ tí John Boyd Dunlop gba ìwé àṣẹ lé lórí ní ọdún 1888 fi lé rọ́bà líle kúrò lára kẹ̀kẹ́.

Táyà oníafẹ́fẹ́ tí ó ní ààbò nínú ni mo ń lò báyìí. Àwọn kan fi aṣọ Kevlar, tí wọ́n fi fọ́nrán líle hun, sí abẹ́ ojú táyà, àwọn mìíràn fi rọ́bà rírọ̀ sí i. Rọ́bà ti táyà tí wọ́n ń pè ní Schwalbe Marathon Plus nípọn tó mìlímítà 5. Táyà náà wúwo díẹ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré, nítorí náà bí owó kò bá tó méjì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ó ń ru ẹrù ni kí o kọ́kọ́ fi sí.

Àmọ́ má tíì náwó. Wáyà tín-ín-rín tó ń já bọ́ lára táyà ọkọ̀ ńlá tó bẹ́, tàbí èyí tí wọ́n dáná sun sójú títì, ni ó ń yọ wá lẹ́nu ju ìṣó lọ. Nígbà kan, mo lẹ túùbù mi lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì í mọ́ kí ó tó rọ̀. Bàbá fọkanáísà kan rì í sínú omi, ó sàmì sí ibi tó ń hó, ó wá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó mú òwú, ó fi nu inú táyà níbẹ̀ yípo, òwú náà sì há: wáyà tí kò gùn tó hóró ìrẹsì ni, ojú kò rí i, ìka kò sì mọ̀ ọ́n. Pílíà ló fi fà á yọ.

Wo àwọn ibi tí wọ́n lẹ̀ lára túùbù rẹ lálẹ́ òní. Bí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá súnmọ́ ara wọn, wáyà ṣì wà nínú táyà yẹn. Bí ó bá jẹ́ ihò méjì ló kọjú síra, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ rẹ kéré, tí òkúta àti ríìmù sì ń fún túùbù láàárín. Iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ni kí o máa fún un.